Bí Ìyìn Ṣe Ń Dé Bá Ẹni Tó Ń Ta Fayolíìnì: Joseph Joachim àti Orin Ẹlẹ́ni Mẹ́rin

Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1904, èrò kún Queen's Hall ní Lọ́ńdọ̀nù láti ṣe ẹ̀yẹ fún bàbá ẹni ọdún 72 kan tó ń ta fayolíìnì. Joseph Joachim ni orúkọ rẹ̀. Ó ti pé ọgọ́ta ọdún tó ti kọ́kọ́ ta orin Beethoven létí àwọn ará ìlú náà. Ọmọ ọdún 12 péré ni nígbà náà, Felix Mendelssohn ló sì darí ẹgbẹ́ olórin tó gbè é lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ ẹ̀yẹ yìí, Arthur Balfour tó jẹ́ olórí ìjọba ló fa àwòrán bàbá náà lé e lọ́wọ́, èyí tí John Singer Sargent yà. Ilẹ̀ Họ́ngárì ni wọ́n bí Joachim sí, Jámánì ló ń gbé, síbẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kà á sí tiwọn.

Ká ní torí orin tí ẹnì kan ń dá dúró ta níwájú ọgọ́ta olórin nìkan ni wọ́n ṣe ń yìn ín, ọ̀rọ̀ náà kò ní gba àlàyé. Joachim mọ ìyẹn ṣe. Òun ni Brahms, aṣẹ̀dá orin ọmọ Jámánì, kọ orin ńlá rẹ̀ fún fayolíìnì àti ọ̀kẹ́sítírà fún, òun ló sì kọ́kọ́ ta á ní Leipzig ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1879. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn alámèyítọ́ ayé ìgbà náà bá fẹ́ sọ ibi tí ọkùnrin yìí ga dé, orí àga ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, níbi tó jókòó sí láàárín àwọn mẹ́ta mìíràn. Báwo ni irú ìyìn bẹ́ẹ̀ ṣe ń wáyé? Kí ni etí alámèyítọ́ ń wá nínú orin tí kò ní ariwo, tí kò ní olùdarí, tí ẹni tó ń ta á kì í dìde dúró?

Orin yàrá ni orin náà. Inú yàrá àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti ń ta á kí ó tó jáde sí gbangba. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ti ẹlẹ́ni mẹ́rin: fayolíìnì méjì, fiólà kan tó tóbi jù wọ́n lọ díẹ̀, àti ṣẹ́lò tí wọ́n ń fi orúnkún méjèèjì dì mú. Ẹnì kan ló ni ohùn kan. Nínú ọ̀kẹ́sítírà, bí ẹnì kan nínú àwọn fayolíìnì mẹ́rìndínlógún bá ṣìnà, àwọn tó kù á bò ó mọ́lẹ̀. Nínú orin ẹlẹ́ni mẹ́rin, kò sí ẹni tí yóò bò ó. Haydn ló fìdí irú orin yìí múlẹ̀, Mozart tẹ̀ lé e, Beethoven sì gbé e dé ibi tí àwọn tó ń ta á fi ń bínú sí i.

Ibi àkọ́kọ́ tí alámèyítọ́ tó mọṣẹ́ ń tẹ́tí sí ni ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó mú ọ̀pá dání láti ka ọ̀kan, méjì. Ẹni tó wà nídìí fayolíìnì kìíní ló ń mí sínú, tó ń gbé ọrun tó fi ń ta fayolíìnì sókè díẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù á sì wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Bí ìwọlé náà bá pín sí méjì, ìdánrawò wọn kò tó nìyẹn.

Ti ohùn ló tún kàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti jinlẹ̀. Ọrùn fayolíìnì kò ní irin tó là á sí ọ̀nà bíi ti gìtá. Ìka ló ń wá ohùn kiri lórí okùn, etí ló sì ń sọ fún ìka pé ó ti débẹ̀. Dùùrù ní tirẹ̀ ti gba ohùn rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó tún un ṣe, kò lè yí i padà láàárín orin. Àwọn ẹlẹ́ni mẹ́rin lè yí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yí i, torí pé ohùn E tó bá okùn C ti ṣẹ́lò mu rẹ́gí relẹ̀ díẹ̀ sí ohùn E tó bá okùn A mu. Nítorí náà ẹni tó bá ta ohùn tirẹ̀ bó ṣe tọ́ lójú ara rẹ̀, láìgbọ́ ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti ṣì í, bí ìka rẹ̀ tilẹ̀ dé ibi tí ìwé wí. Ohun tí Joachim fi yàtọ̀ nìyí. Hermann von Helmholtz, àgbà onímọ̀ sáyẹ́nsì Jámánì tó kọ ìwé ńlá lórí bí etí ṣe ń gbọ́ ohùn, fi hamóníọ̀mù kan tó ṣètò ohùn rẹ̀ lọ́nà pàtàkì yẹ Joachim wò, ó sì jẹ́rìí pé ohùn tó bára mu ní ti gidi ni ọkùnrin náà ń wá, kì í ṣe ohùn dùùrù. Ìwọ̀nba alámèyítọ́ ló ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni gbígbọ̀n ìka lórí okùn, èyí tó ń mú kí ohùn fayolíìnì máa mì bí ohùn ẹni tí ọkàn rẹ̀ kún. Lóde òní, ọ̀pọ̀ a máa gbọ̀n ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Joachim kì í lò ó àfi níbi tó bá nílò rẹ̀, ohun tó sì bá orin ẹlẹ́ni mẹ́rin mu jù nìyẹn, nítorí ohùn mẹ́rin tó bá ń mì lẹ́ẹ̀kan náà kì í jẹ́ kí etí mọ ibi tí àárín wọn wà.

Olórí ohun tí wọ́n ń wá ni bí ẹni tó ń ta fayolíìnì kìíní ṣe mọ ìgbà tó yẹ kó yẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ti dúró ti ẹgbẹ́ onídùndún yóò lóye èyí kíá. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí omele bá yẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyáàlù kò ní ibi tí yóò dúró lé. Ibi tí ti ẹlẹ́ni mẹ́rin ti yàtọ̀ ni pé ipò ìyáàlù kì í dúró lọ́wọ́ ẹnì kan nínú orin Beethoven. Ó lè wà lọ́wọ́ fayolíìnì kìíní fún ìgbà díẹ̀, kí ó bọ́ sọ́wọ́ fiólà, kí ṣẹ́lò gbà á, kí ẹni tó ń darí tẹ́lẹ̀ sì di omele lójijì. Ọ̀pọ̀ ògbóǹtarìgì tó ń dá ta orin kò lè ṣe é. Wọ́n ti mọ́ra pé kí ojú gbogbo ayé wà lára wọn, ọwọ́ wọn kò sì mọ bí a ti ń rọlẹ̀. Lójú tèmi, ìyìn tó níye lórí jù nínú orin yàrá ni èyí tí alámèyítọ́ fún ohun tí ẹni náà fà sẹ́yìn kò ṣe.

Ṣùgbọ́n etí kì í mọ èyí láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ ká padà sí Vienna ní ọdún 1825, níbi tí orin kan náà ti gba èébú àti ìyìn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ síra wọn.

Ignaz Schuppanzigh ni ọ̀gá orin ẹlẹ́ni mẹ́rin nílùú náà. Ó sanra débi pé Beethoven ń pè é ní Falstaff, ọkùnrin oníkùn gbẹ̀ǹdù inú eré Shakespeare, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ṣe tó o láti gbé orin Beethoven jáde. Òun ló ṣáájú ẹgbẹ́ tí Rasumovsky, tó ti jẹ́ aṣojú Rọ́ṣíà ní Vienna, sanwó fún ṣáájú ìgbà náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1825, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ta orin ẹlẹ́ni mẹ́rin tuntun Beethoven, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 127. Ìwé orin pẹ́ kó tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ìdánrawò kò tó, orin náà sì le ju ohunkóhun tí wọ́n ti rí lọ. Beethoven tilẹ̀ kọ ìwé àwàdà kan pé kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí i pé àwọn yóò ṣe gbogbo ipá àwọn. Wọ́n fọwọ́ sí i, orin náà sì ṣubú lulẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn kan ní Schuppanzigh ló fà á, àwọn kan ní orí aṣẹ̀dá orin tó ti di adití ló ti dàrú.

Ta ló jẹ̀bi nínú wọn? Ìbéèrè yìí ni gbogbo alámèyítọ́ ń bá yí nígbà tí orin bá jẹ́ tuntun, torí pé ẹni tí kò tíì gbọ́ orin kan rí kò lè mọ̀ bóyá orin ni kò dára tàbí ẹni tó ń ta á. Beethoven wá ìdáhùn lọ́nà tó rọrùn: ó gbé orin kan náà fún ẹlòmíràn. Joseph Böhm, olùkọ́ fayolíìnì ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Vienna, ló pè. Böhm ròyìn lẹ́yìn náà bí ìdánrawò yẹn ṣe rí. Ọkùnrin tí kò gbọ́ ohunkóhun jókòó tì wọ́n, ó ń wo ọrun wọn bó ti ń lọ bó ti ń bọ̀, ó sì ń fi ojú mọ ibi tí eré wọn ti yá jù tàbí ti fà jù. Ní apá ìparí orin náà, Beethoven ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n rọra sí i. Böhm rí i pé ìrọra yẹn ń mú ẹ̀jẹ̀ kúrò lára orin, ó sì ní kí àwọn yòókù má rọra. Beethoven ká ara rẹ̀ kò ní kọ̀rọ̀, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní kí ó wà bẹ́ẹ̀, ó dìde, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nínú ìwé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nígbà tí Böhm gbé orin náà jáde, wọ́n ta á lẹ́ẹ̀mejì nínú alẹ́ kan ṣoṣo. Ohun tó jẹ́ àdììtú ní àkọ́kọ́ ti ní ojú àti imú nígbà kejì. Àtẹ́wọ́ ta, àwọn tó bú orin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni sọ ti ọ̀rẹ́. Má ṣe rò pé Schuppanzigh di ẹni ẹ̀yìn o: òun náà ló tún kọ́kọ́ ta àwọn mìíràn tó tẹ̀ lé e, títí kan èyí tí apá ìparí rẹ̀ le débi pé ìwé ìròyìn orin kan ní Leipzig kọ ọ́ pé bí èdè àwọn ará Ṣáínà ló rí létí òun.

Böhm yìí ni olùkọ́ Joachim. Ilé rẹ̀ ní Vienna ni ọmọ náà gbé kọ́ṣẹ́ kó tó lọ sí Leipzig ní ọdún 1843. Ọwọ́ tí Beethoven fi ojú wò ni ọwọ́ tó kọ́ ọwọ́ Joachim, èyí sì wà lára ohun tó mú kí àwọn alámèyítọ́ máa gbà á gbọ́ nígbà tó bá ta Beethoven. Ogún gidi ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka ìyìn rẹ̀ lónìí gbọ́dọ̀ rántí pé orúkọ olùkọ́ náà wà lórí òṣùwọ̀n.

Ní ọdún 1869, ọdún tí ilé-ẹ̀kọ́ orin ti ìjọba tó ń darí ní Berlin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Joachim dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń bá a jókòó yí padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí orúkọ wọn wà pẹ̀lú tirẹ̀ ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ni Karel Halíř, Emanuel Wirth àti Robert Hausmann tó ń ta ṣẹ́lò. Ní ìgbà òtútù lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń ta orin ní gbọ̀ngàn Sing-Akademie, wọ́n sì ń tún àwọn orin ìkẹyìn Beethoven ta títí tí àwọn ará Berlin fi mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ orin ìjọ. Ohun tí Böhm ṣe nínú alẹ́ kan ni Joachim ṣe fún ọdún 38. Bí wọ́n bá ní òun ni olùtumọ̀ Beethoven, òun náà ló kọ́ àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ bí a ti ń gbọ́ Beethoven.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn oníṣòwò àti alámèyítọ́ pẹ̀lú ló ṣe iṣẹ́ kíkọ́ etí yìí. John Ella dá Musical Union, ẹgbẹ́ tó ń ṣe eré orin yàrá, sílẹ̀ ní ọdún 1845. Àárín gbọ̀ngàn ló gbé àwọn olórin sí, àwọn olùgbọ́ yí wọn ká, ó sì máa ń fi àlàyé orin ránṣẹ́ sílé wọn ṣáájú ọjọ́ eré kí wọ́n lè kà á. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí orin ń lọ, ojú Ella kò ní fún un ní ìsinmi. Àwọn ọlọ́lá ni olùgbọ́ tirẹ̀ o. Ní 1859 ni Popular Concerts bẹ̀rẹ̀ ní St James's Hall, gbọ̀ngàn tó gba bí ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn, níbi tí ẹni tó ní ṣílè kan ti lè wọlé. Joachim ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, Alfredo Piatti sì ń ta ṣẹ́lò níbẹ̀. Orin yàrá nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ̀rún méjì! Ohùn tó yẹ kó wà láàárín ẹni mẹ́rin ní láti rìn jìnnà dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, mo sì rò pé ó wà lára ìdí tí ìyìn àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fi máa ń sọ̀rọ̀ iyì àti ọlá ju bí àwọn mẹ́rin náà ṣe ń gbọ́ ara wọn lọ.

Ta ló ń kọ àlàyé orin fún Popular Concerts yìí? J. W. Davison ni. Ta ni alámèyítọ́ orin fún ìwé ìròyìn The Times lásìkò náà? Davison yìí kan náà ni. Ìyàwó rẹ̀, Arabella Goddard, sì wà lára àwọn tó ń ta dùùrù níbẹ̀. Kò sí ẹni tó fi í pa mọ́, kò sì jọ pé ó ti ọ̀pọ̀ lójú. N kò ní ká da ohun tó kọ nù, ọkùnrin náà mọ orin. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹun níbi ìnáwó, tó tún jẹ́ ẹlẹ́rìí pé oúnjẹ dùn, ó yẹ ká wá ẹlẹ́rìí kejì.

Ẹlẹ́rìí kejì wà. Eduard Hanslick, alámèyítọ́ orin ní Vienna, jẹ́ ọ̀rẹ́ Brahms, ó sì wà ní apá kan náà pẹ̀lú Joachim nínú ìjà àwọn olórin ìgbà náà, nígbà tí Brahms àti Joachim fọwọ́ sí ìwé ìtakò sí ẹgbẹ́ aṣẹ̀dá orin Franz Liszt ní 1860. Síbẹ̀, nígbà tí Joachim wá sí Vienna ní 1861, Hanslick yìn ín tán ló tó fi kún un pé àwọn ibì kan wà tí Joseph Hellmesberger, ọmọ ìlú wọn tó ń ta fayolíìnì, ì bá ti wọni lọ́kàn ju ọkùnrin tó le koránkorán yìí lọ. Ìyìn tó ní ààlà báyìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, torí ó fi hàn pé ẹni tó kọ ọ́ ń gbọ́ orin lọ́wọ́.

George Bernard Shaw ló wá sọ òkò ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1890, kó tó di olókìkí nídìí eré orí ìtàgé, ó gbọ́ tí Joachim ń dá ta orin Bach, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The Star pé ariwo ló gbọ́, ohùn tó yapa. Ó ní ká ní ẹni tí a kò mọ̀ ni, kì bá má rí ẹ̀mí rẹ̀ gbé jáde. Ibi tó ti gún mi jù ni ibi tó ti ní òun náà pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù, torí pé orúkọ Joachim àti orúkọ Bach ti dì wọ́n lójú. Ọjọ́ kan péré ni, orin àdáta sì ni, kì í ṣe ti ẹlẹ́ni mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí àwọn alámèyítọ́ kì í sábà sọ: bí ìyìn bá ti pẹ́ tó, ó máa ń yin ara rẹ̀.

Joachim náà fi orúkọ rẹ̀ ti àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn. Lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ta orin ẹlẹ́ni márùn-ún Brahms tó ní klarinẹ́ẹ̀tì ní Berlin ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, àwọn kan gbà pé kò sí ẹni tó tún lè kọ irú rẹ̀ láìfarawé Brahms. Samuel Coleridge-Taylor, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sàró, kọ tirẹ̀ ní 1895. Olùkọ́ rẹ̀, Stanford, gbé e lọ bá Joachim ní Berlin, Joachim àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ta á. Coleridge-Taylor yìí náà ló wá fi orin Yorùbá kan, "Oloba", tí Victoria Randle ti Èkó fún un, sínú ìwé orin rẹ̀ tó jáde ní 1905.

Ní 1903, wọ́n gba ohùn fayolíìnì Joachim sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Gramophone. Orin márùn-ún ni: méjì ti Bach, méjì ti Brahms, ọ̀kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ó ti ju ẹni 70 ọdún lọ, ẹ̀rọ náà sì ń hó, síbẹ̀ èèyàn lè gbọ́ ohùn tó dúró gbọnyin, tí ìka kò gbọ̀n lórí rẹ̀ àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí orin ẹlẹ́ni mẹ́rin kankan níbẹ̀. Nígbà tó kú ní Berlin ní oṣù Kẹjọ ọdún 1907, ohun tí ayé fi yìn ín jù lọ bá a lọ. Ìwé àwọn alámèyítọ́ nìkan ló ṣẹ́ kù, pẹ̀lú ẹ̀rí àwọn tó bá a jókòó, bíi Donald Francis Tovey tó ń ta dùùrù pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ti Tovey ni mo fọkàn tán jù, nítorí ẹni tó wà nínú orin náà mọ ìgbà tí ọ̀gá rọlẹ̀ fún un.

Àwọn ọmọ wa tó ń ta fayolíìnì ti ń pọ̀ ní Èkó àti ní Ìbàdàn, wọ́n sì ń dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìròyìn eré wọn, a mọ̀ pé gbọ̀ngàn kún, a mọ èèkàn tó wá àti aṣọ tó wọ̀. Ẹ kọ bí wọ́n ṣe wọlé fún wa. Ẹ kọ ibi tí fayolíìnì kìíní ti fà sẹ́yìn kí fiólà lè sọ̀rọ̀, ẹ kọ ibi tí ohùn ti yẹ̀, ẹ má sì gbàgbé láti dárúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.